Kó O Tó So Kọ̀ńtírólà Mọ́ Wíńṣì Rẹ, Jọ̀ọ́ Gbọ́ Tèmi

Àbúrò mi, jókòó tì mí díẹ̀. Mo gbọ́ pé o ti ra wíńṣì tòkunbọ̀ tí wàá máa fi fa kẹ́ẹ̀gì epo gòkè lọ sí yàrá ẹrù rẹ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pé o sì ń wá ẹni tí yóò bá ọ so kọ̀ńtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí eré rẹ̀, mọ́ ọn kó má baà máa ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Inú mi dùn sí i gidi. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa 25 lítà kan, bó bá kún dẹ́nu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23 kílò, àwa tí à ń gbé e gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ la mọ bí ìbàdí ṣe ń rí lálẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ọ kó o tó náwó, torí owó tí mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí, kò yẹ kí ìwọ náà tún un san.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ ká kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Má ṣe fi wíńṣì yẹn gbé kẹ́ẹ̀gì rọ̀ sókè o. Wíńṣì tí wọ́n tú lára jíìpù, iṣẹ́ fífà ni wọ́n ṣe é fún, kó fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ jáde. Wọn kò ṣe é pé kó máa gbé ẹrù kọ́ sórí àwọn èèyàn, kò sì sí ọjọ́ kankan tó yẹ kéèyàn gùn ún. Pe káfíńtà, kó kan pákó tó nípọn láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà òkè, kó dagun díẹ̀díẹ̀, kó sì fi igi ṣe etí sí i lọ́tùn-ún lósì kí táyà má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Orí pákó yẹn ni ọmọláńkẹ́ kékeré yóò máa rìn. Bí okùn bá já, orí pákó náà ni ọmọláńkẹ́ yóò gbà wálẹ̀, kò ní já lé ẹnikẹ́ni lórí. Ìwọ ṣáà rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ ibẹ̀, àtàgbà àtọmọdé.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ wáyà ló kù. Bí mo bá pe mọ́tò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń sọ o, ẹ̀rọ oníná tó ń yí nínú wíńṣì ni.

Ní tèmi, rìwáyà kan ládùúgbò wa ni mo gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọlúwàbí ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Oúnjẹ ọ̀sán kò tíì jinná tó fi ní òun ti parí. Ó mú wáyà láti ara bátìrì sólà mi, ó so ó mọ́ súìṣì tó ń yí mọ́tò síwájú sẹ́yìn, ó wá so kọ̀ńtírólà sáàárín súìṣì yẹn àti mọ́tò. A dán an wò. Mo ń yí kọ́bù rẹ̀, ìyẹn ọwọ́ tó ń mú eré pọ̀ tàbí dínkù, díẹ̀díẹ̀, ọmọláńkẹ́ ń gòkè jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ ilé ń pàtẹ́wọ́. Ó wá ku ká dá a padà sísàlẹ̀. Mo ti súìṣì sẹ́yìn. Nǹkan dún gbòlà, èéfín funfun rú jáde lára kọ̀ńtírólà, òórùn rọ́bà jíjóná sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi fún odidi ọjọ́ méjì. Wáyà tó wá láti ara bátìrì gbóná débi pé ara rẹ̀ rọ̀ bí àkàṣù ẹ̀kọ gbígbóná. Ọpẹ́lọpẹ́ rìwáyà náà tó sáré fa wáyà yọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kọ̀ńtírólà ní ẹnu tó fi ń gba iná wọlé àti ẹnu tó fi ń gbé iná jáde. Lẹ́nu tó fi ń gbà á wọlé, pupa ni pupa, dúdú ni dúdú títí ayé. Àwọn ègé kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi dí iná. Bí iná bá gba òdìkejì wọlé, wọn ò lè dí i mọ́, ńṣe ló máa gba inú wọn kọjá tààrà bí ìgbà tí èèyàn fi irin kan ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀. Nígbà tí súìṣì wà níwájú kọ̀ńtírólà, gbogbo ìgbà tí mo bá ti í sẹ́yìn ni mò ń fi òdì iná fún kọ̀ńtírólà lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ ló kú. Kò sì sí fíúsì kankan lójú ọ̀nà tí ì bá gbà á sílẹ̀.

Torí náà, ètò tó tọ́ nìyí, kó o kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì rẹ: bátìrì, fíúsì, kọ̀ńtírólà, súìṣì, mọ́tò. Bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nìyẹn. Súìṣì tó ń yí i padà kò gbọ́dọ̀ ṣáájú kọ̀ńtírólà láé. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kò sí ìyàtọ̀, má gbé iṣẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ká tó dé orí ètò yẹn, lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ kó o kà á. Mo ní kó o kà á ni o, má wulẹ̀ wò ó lásán. Àwọn òpó bàbà tó nípọn tí wáyà ńlá ń wọ̀, mélòó ni wọ́n? Bó bá jẹ́ méjì péré, tàbí wáyà méjì ló jáde látinú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Èyí rọrùn. Pupa sí ibí, dúdú sí ọ̀hún, ó yí sọ́tùn-ún. O pààrọ̀ wọn, ó yí sósì. Irú èyí ni tèmi, òun sì ni gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí bá mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òpó mẹ́ta lo kà, mọ́tò yẹn kì í ṣe onímágínẹ́ẹ̀tì. Wáyà tí wọ́n wé ló ń ṣe iṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, bó o bá sì pààrọ̀ pupa àti dúdú ní ẹnu bátìrì ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ibì kan náà ni yóò máa yí sí, torí iná inú wáyà tí wọ́n wé yẹn àti iná inú apá tó ń yí ló jọ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí sọ́lẹ́nọ́ìdì tó bá a wá, ìyẹn súìṣì ńlá tí iná ń ṣí tó sì ń tì, ló mọ bó ṣe ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló sì máa ń fi ara irin wọn ṣe wáyà dúdú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ńtírólà olówó pọ́ọ́kú, ọ̀nà dúdú gan-an ni wọ́n ti ń gé iná. Bí ara mọ́tò bá ti kan dúdú bátìrì níbòmíràn, iná ti rí ẹ̀bùrú gbà nìyẹn, mọ́tò á máa sáré bó ṣe wù ú, kọ́bù tó ò ń yí kò ní ràn án. Bí tìrẹ bá jẹ́ olópòó mẹ́ta, àbúrò mi, wá ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kó o ní kó fi èyí tó ti ṣe hàn ọ́. Kó sì mọ̀ pé iná tí sọ́lẹ́nọ́ìdì fi ń ṣí tó fi ń tì, ẹnu bátìrì ló ti yẹ kó wá tààrà. Bó bá wá láti ẹnu kọ̀ńtírólà, á máa gbọ̀n ni, ẹnu rẹ̀ á sì jóná.

Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí kọ̀ńtírólà ń ṣe gan-an, torí bó o bá ti mọ̀ ọ́n, wọn ò ní lè tàn ọ́. Kì í dín iná kù bí ìgbà tí èèyàn ń bu omi kúrò nínú garawa. Ńṣe ló ń tan iná tó sì ń pa á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò tó fi tàn bá jẹ́ ìdajì, mọ́tò á ṣe bí ẹni pé 6 fóòlùtì ló rí dípò 12. Ìdí nìyẹn tó o fi máa ń gbọ́ tí mọ́tò ń ké fíín bí ẹ̀fọn bó o bá yí kọ́bù rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. Igbe yẹn kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ bó bá ń ké tí kò yí, ìyẹn ni kó o sá fún. Iná ń wọ̀ ọ́, kò rìn, ooru sì ń kóra jọ sí inú rẹ̀. Yí kọ́bù sókè díẹ̀ kó gbéra, tàbí kó o pa á. Má dúró wò ó níbẹ̀.

Ẹnì kan á sọ fún ọ pé kó o lọ fi régúlétọ̀ fáànù ṣe é, pé owó kékeré ni. Rárá o. Iná NẸ́PÀ máa ń yí ojú padà, ìgbà 100 ló ń kọjá ní òfo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àkókò òfo yẹn ni régúlétọ̀ oníkọ́bù máa ń dúró dè kó tó lè pa iná. Iná bátìrì kì í dé òfo. Nǹkan kan náà ló fà á tí súìṣì ògiri ilé kò fi yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí a bá pa iná bátìrì tó lágbára, iná náà á fẹ́ máa fo àlàfo ẹnu súìṣì, á máa jó o díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹnu méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́ra tí wíńṣì kò sì ní dúró mọ́. Ìwọ fojú inú wo wíńṣì tí kò gbọ́ pé kó dúró, tí ọmọláńkẹ́ ti dé orí òkè. Súìṣì tí wọ́n kọ áńpù iná DC, ìyẹn iná bátìrì, sí lára ni kó o rà.

Súìṣì náà, oríṣi rẹ̀ ṣe pàtàkì. Èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ní ìdí ni, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń dúró lọ́nà mẹ́ta: síwájú, àárín, sẹ́yìn. Àárín yẹn ni kò síná. Bó o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, wàá rí ẹsẹ̀ náà ní méjì méjì lórí ìlà mẹ́ta. Ìlà àárín ni wáyà méjèèjì tó ti kọ̀ńtírólà bọ̀ yóò wọ̀. Ìlà òkè ló ń lọ sí mọ́tò. Láti ìlà òkè yẹn, wáyà kúkúrú méjì yóò lọ sí ìlà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú: ti ọ̀tún òkè sí òsì ìsàlẹ̀, ti òsì òkè sí ọ̀tún ìsàlẹ̀. Àgbélébùú yẹn ló ń pààrọ̀ pupa àti dúdú fún mọ́tò. Bí o kò bá rí i nídìí súìṣì tí wọ́n ṣe fún ọ, iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn kọ̀ńtírólà kan wà tí wọ́n ti kó síwájú sẹ́yìn sínú wọn tẹ́lẹ̀, wọn kì í fẹ́ súìṣì míì. Bí owó bá tó, èmi fara mọ́ irú wọn.

Wàyí o, èyí tó jẹ mí lógún jù. Má ṣe yí wíńṣì padà nígbà tó ṣì ń yí. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló kọ́ mi ní èyí. Oníbàárà ń pè é nísàlẹ̀, ó ń kánjú, ó fa ọwọ́ súìṣì láti iwájú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà láì dúró láàárín. Fíúsì ló já, ó dún tó bẹ́ẹ̀ tó fi sá jáde. Ọpẹ́ ni pé fíúsì wà lọ́jọ́ yẹn, kọ̀ńtírólà kejì ì bá lọ. Mọ́tò tó ń yí máa ń pèsè iná tirẹ̀, iná yẹn ló sì ń ti ti bátìrì sẹ́yìn, òun ni kì í jẹ́ kí mọ́tò jẹ iná jù bó bá ti ń sáré. Bó o bá yí i padà lójijì, iná tirẹ̀ á dara pọ̀ mọ́ ti bátìrì dípò kó tì í sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ 12 á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 24 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́bù sí òfo, súìṣì sí àárín, kí rólà tó ń wé okùn dúró pátápátá, kó o tó wá ti súìṣì sí apá kejì, kó o sì yí kọ́bù sókè díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́ gbogbo ọmọ ilé mi pé kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta ní àárín yẹn. Ẹni tí kò bá lè kà á kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Báwo ni kọ̀ńtírólà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Má wo ohun tí mọ́tò ń jẹ nígbà tó ń rìn nìkan. Tèmi, bó bá ń fa kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, bí áńpù 16 ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú tó ń gbéra, mítà tí mo há mọ́ wáyà fò dé áńpù 70. Kọ̀ńtírólà áńpù 20 tí mo kọ́kọ́ rà, bí súìṣì kò bá pa á, ìgbéra yẹn ì bá pa á. Ti áńpù 100 ni mo wá lò lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbóná. Mítà tí wọ́n ń há mọ́ wáyà yẹn náà, béèrè bóyá ó ń ka iná DC. Ọ̀pọ̀ wọn, ti NẸ́PÀ nìkan ni wọ́n ń kà, òfo ni wọn yóò máa fi hàn ọ́ nígbà tí wáyà ń yọ́.

Má ṣe ahun lórí wáyà. Bí bátìrì bá jìnnà sí mọ́tò ní mítà 5, àlọ àtàbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Bí áńpù 50 bá ń gba inú wáyà iná ilé tí wọ́n ń pè ní 2.5 kọjá, fóòlùtì 3 àti ààbọ̀ nínú 12 ló máa ṣòfò sójú ọ̀nà, ooru ni yóò sì dà lára wáyà. Bó bá jẹ́ 16, ìdajì fóòlùtì péré ni. Ní Ládípọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n á gé wáyà bátìrì tó nípọn fún ọ, wọ́n á sì fi irin tẹ orí bàbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyẹn ni kó o gbà. Wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé, má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó. Fíúsì ní tirẹ̀, ẹ̀bá bátìrì ni kó wà, lórí wáyà pupa, torí fíúsì tó wà lọ́hùn-ún kò lè gba wáyà tó ṣáájú rẹ̀ là.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àwa obìnrin. Kó o tó fọwọ́ kan ẹnu bátìrì, yọ òrùka rẹ, yọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ bọ́ òrùka ìgbéyàwó. Bọ́ ọ. 12 fóòlùtì kò ní gbé ọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí òrùka bá há sáàárín sípánà àti ẹnu bátìrì kejì, kó o tó pariwo ó ti pọ́n yòò, ó ti jó wọ ẹran ìka. So ìró rẹ le, ká irun rẹ pọ̀, má da ìborùn sọ́rùn nítòsí rólà tó ń yí. Fi ìbọ̀wọ́ awọ di okùn irin mú, torí fọ́nrán tó bá ti já lára rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí okùn bá sì ń tú jáde, má jẹ́ kó tán lára rólà, jẹ́ kó ṣì wé rólà náà ní ó kéré tán ìgbà márùn-ún, torí wíwé yẹn ló dì í mú, kì í ṣe nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, má kó ẹrù sí i. Ọmọláńkẹ́ òfìfo ni kó kọ́kọ́ lọ, kó bọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ̀gì méjì, kó o dá a dúró ní ìdajì ọ̀nà, kó o pa iná, kó o sì fojú sí táyà rẹ̀. Bó bá ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíréèkì wíńṣì náà ti jẹ, kọ̀ńtírólà kankan kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó bá dúró gbọin, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìsinmi. Mọ́tò wíńṣì kì í ṣe mọ́tò fáànù tí èèyàn ń tàn mọ́jú. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn bíi mẹ́ta. Bí mi ò bá lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́, ó yá, ká jókòó, ká mu omi, ká jẹ́ kó tutù.

Nígbà tí rìwáyà bá dé, pè é ní bọ̀ọ̀dá, fún un lómi tútù, kó o sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi parí. Ní kó fi ìka tọ́ ọ̀nà tí iná ń gbà láti ibi bátìrì dé ibi mọ́tò, kó máa dárúkọ ohun tó bá kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìyẹn. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ibi tí wáyà ti pàdé, ọdún méjì sí i, wàá nílò rẹ̀.

Àmọ́ má tíì pe ẹnikẹ́ni lónìí. Mú tọ́ọ̀ṣì, lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò yẹn, ka òpó bàbà tó wà níbẹ̀, kó o sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ méjì, màá wá lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti mítà mi.